Wálé, má tíì ra ọmọ ẹṣin yẹn

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o? Òtútù Calgary ńkọ́, Màmá Dámi àtàwọn ọmọ ńkọ́? Níbí ní Zaria òjò ti bẹ̀rẹ̀, koríko ti yọ, ara gbogbo wa le, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ vóìsì nóòtì ẹ, mo tún un gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ gígùn báyìí. O ní o fẹ́ ra ọmọ ẹṣin tí ò tíì pé ọdún méjì fún Dámi kí àwọn méjèèjì lè jọ dàgbà, ó ṣáà jẹ́ pé èmi náà ra irú ẹ̀ fún Àdùkẹ́ ọmọ mi. Òótọ́ ni mo rà á, àmọ́ Àdùkẹ́ kọ́ ló ń gùn ún o. Abo ẹṣin àgbà kan tí Màálàm, bàbá tó ń bá wa kọ́ ẹṣin, ní ni Àdùkẹ́ ń gùn, èyí tí ojú ẹ̀ ti rí nǹkan, kéke kọjá kò wò, wọ́n yìnbọn lọ́jọ́ Hawan Sallah, ayẹyẹ ẹṣin gígùn ọdún àwọn Mùsùlùmí, kò mira. Ẹyẹlé, èyí tá a rà, ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí ò tíì mọ ẹṣin gùn àti ẹṣin tẹ́nì kan ò tíì kọ́, jọ̀ọ́ má so wọ́n pọ̀. Ẹni tó gun ẹṣin ilẹ̀ ló ń bọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣubú lọ́nà tó bà á lẹ́rù gan lè má fẹ́ gùn ún mọ́ láyé ẹ̀, ẹṣin náà á sì ti mọ̀ pé òun lè já èèyàn sílẹ̀.

Kọ́kọ́ wo eyín ẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tá a lọ ra Ẹyẹlé, ẹni tó ń tà á ń búra pé ó ti pé ọdún mẹ́ta, Màálàm ò dá a lóhùn, ó kàn ki àtàǹpàkò bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ níbi tí ò sí eyín, ẹnu là, ó ní kí n wá wò ó: eyín wẹẹrẹ funfun, eyín ọmọdé ni gbogbo ẹ̀. Tó bá tó nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ ni méjì àárín máa ń bọ́ tí eyín tó fẹ̀ á hù dípò ẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e di bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ di mẹ́rin ààbọ̀. Eegun ẹ̀yìn ẹṣin ló sì máa ń gbó kẹ́yìn nínú gbogbo eegun ẹ̀, ó lè tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, torí náà ọmọ ọdún méjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń di gàárì lé láti gùn.

Ilẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ Ẹyẹlé wà báyìí. Irin ò tíì wọ ẹnu ẹ̀. O ṣáà rántí ìjánu ibí yìí, tó ní òrùka irin tó yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká, ó le púpọ̀, mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé sún mọ́ ọn rárá. Okùn lásán ni Màálàm ń lò, á fà á díẹ̀, bí Ẹyẹlé bá ti gbẹ́sẹ̀ kan péré wá síwájú, ojú ẹsẹ̀ ló máa dẹ okùn. Dídẹ̀ yẹn ni ẹṣin fi ń mọ̀ pé òun ṣe é dáadáa. Tó o bá lọ dẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń wọ́ ẹ lọ, wíwọ́ èèyàn lo kọ́ ọ yẹn, kì í sì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Má rò pé Àdùkẹ́ kàn ń wòran o. Láàárọ̀ ó máa kọ́kọ́ pè é kó tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbẹ́ èjìká ló máa dúró sí torí ẹṣin ò rí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, Màálàm á di okùn mú, Àdùkẹ́ á wá fọwọ́ ra ẹsẹ̀ ẹ̀ láti òkè wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá dé ọrùn ẹsẹ̀ á rọra tẹ̀ ẹ́, Ẹyẹlé á gbé e sókè fúnra ẹ̀. Ó máa fi irin kékeré ha ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú pátákò, kò ní ha ibi rírọ̀ onígun mẹ́ta tó wà láàárín. Ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ nílé! Ó tún máa ń mú nylon pure water àti agboòrùn wá, á máa mì wọ́n láti ọ̀ọ́kán, ó ń sún mọ́ ọn bí ìbẹ̀rù ẹ̀ ṣe ń lọ. Ohun tí wọn ò gbà fún un ni kó máa fọwọ́ fún un ní bisikíìtì, ọmọ ẹṣin tó bá ti mọ̀ pé adùn wà lọ́wọ́ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í géni jẹ. Inú báàkẹ́ẹ̀tì ni kó kó o sí. Oúnjẹ náà, ewé ẹ̀wà gbígbẹ ló pọ̀ jù, ọkà bàbà díẹ̀, koríko tútù yìí la sì ń fún un níwọ̀nba torí ẹṣin ò lè bì, tí inú bá ń run ún ó lè pa á. Má gbàgbé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì o.

Ibi tí ti póńì, irú ẹṣin kúkúrú bíi Ẹyẹlé yìí, fi tún le ni pé ó kéré, àgbàlagbà tó mọ iṣẹ́ wúwo jù fún un. Wọ́n ní kí ẹrù ẹ̀yìn ẹ̀, gàárì pẹ̀lú ẹ̀, má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ. Ọmọ ọmọ Màálàm tó tín-ín-rín tó sì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa ló máa kọ́kọ́ gùn ún tí eegun ẹ̀ bá gbó, ìgbà yẹn ló máa wá kan Àdùkẹ́, wọ́n á sì máa fi okùn fa ẹṣin náà fún un fún ìgbà díẹ̀. Ṣé o lẹ́ni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? Tí kò bá sí, ra èyí tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tọ́mọdé ti gùn rí. Kò tíì darúgbó nígbà yẹn, póńì máa ń lò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òmíì lò jù bẹ́ẹ̀. Lọ wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, wo bí wọ́n ṣe ń mú un nínú pápá, ṣé ó ń sá, jẹ́ kí ọmọ tó ń gùn ún tẹ́lẹ̀ gùn ún níṣojú ẹ.

Tí wọ́n bá ṣì ń yọ ẹ́ lẹ́nu lórí ọmọ ẹṣin yẹn, ya fọ́tò eyín ẹ̀ ránṣẹ́ kó o tó san kọ́bọ̀, Màálàm á wò ó. Bá mi kí Màmá Dámi. Àdùkẹ́ ní tí Dámi bá wálé òun máa jẹ́ kó gun abo ẹṣin àgbà yẹn, ṣùgbọ́n Ẹyẹlé, ó di dandan kó bi òun ná.

Èmi ni,
Káyọ̀dé