Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ni ilé fídíò ní Kábbà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọ̀kun o. Wọ́n ti pín ẹrù yín. Àpótí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé fún mi, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Terminator 2 ló wà lókè pátápátá, ìkọ̀wé yín ṣì hàn lára rẹ̀: "Pátì Tuu".

Fíìmù yẹn ò tíì gbó. Ẹni tó bá ti wo Pátì Wáànù ti 1984 ló máa ń gbádùn èyí tó jáde ní 1991 jù. Arnold Schwarzenegger ni bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀tá, nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ apààyàn tí kì í rẹ̀. James Cameron tó darí fíìmù náà wá sọ bọ́ọ̀sì di àkítọ̀, ẹni rere, kò sì tètè jẹ́ kó hàn. Ó fi aṣọ ọlọ́pàá wọ Robert Patrick, ẹ̀rọ apààyàn tuntun, ó gbé ìbọn àti ọ̀kadà fún Arnold, àwọn méjèèjì ń wá ọmọ kan ṣoṣo. Ìgbà tí Arnold sọ fún ọmọ náà pé kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ la tó mọ ẹni tó wá gbà á là.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo rẹ̀. Rárá o! Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lọ. Ojú ọta tó ń là bí òdòdó láyà Robert Patrick, àwọn ọmọ iṣẹ́ Stan Winston ló fi rọ́bà ṣe é, wọ́n fi àwọ̀ fàdákà bò ó, wọ́n ká a pa mọ́ sábẹ́ aṣọ. Tí wọ́n bá ti tú ohun tó dè é, ó là nìyẹn. Hẹlikópítà tó gba abẹ́ afárá kọjá, èèyàn ló wà á gba ibẹ̀ ní ti gidi.

Ti dígí ló tún wù mí jù, ibi tí Sarah, ìyá ọmọ yẹn, ti ń yọ ẹ̀rọ kékeré inú orí Arnold. Tí kámẹ́rà bá kọjú sí dígí, á rí ara rẹ̀. Nítorí náà kò sí dígí níbẹ̀ rárá: ògiri ni wọ́n dá lu, wọ́n ṣe yàrá méjì tó jọra. Ère orí Arnold ló kọ̀yìn sí wa, Arnold fúnra rẹ̀ wà lódìkejì. Linda Hamilton tó ṣe Sarah wà ní yàrá kan, Leslie tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì wà ní èkejì, ọwọ́ wọn ń lọ pọ̀. Ẹ̀dà tó gùn nìkan lèèyàn ti lè rí i, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ti sinimá.

Ìbéèrè mi rèé. Ìṣẹ́jú 137 ni fíìmù yẹn. Lórí PAL, ètò fídíò tiwa, tó máa ń sáré díẹ̀, ó tó nǹkan bí 131. Kásẹ́ẹ̀tì E-180, ti ìṣẹ́jú 180, á gbà á, àyè á tún ṣẹ́ kù. Kí ló dé tó fi jẹ́ E-120, ti ìṣẹ́jú 120, lẹ dà á sí? Bí wọ́n bá ṣe wọ ilé iṣẹ́ irin báyìí, kásẹ́ẹ̀tì tán. Àwọn tó ti Ìyàrá àti Ìyámoyè wá á sanwó, ẹ ó ní kí wọ́n máa lọ, pé àkítọ̀ kì í kú.

Ó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ inú orí rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù, kò sì lè pa ara rẹ̀, Sarah ló tẹ bọ́tìnnì tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú irin yíyọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló rì kẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù náà ti di ohun téèyàn ò lè gbàgbé, ibẹ̀ lẹ sì fi dù wá.

Ilé iṣẹ́ irin yẹn, ti Kaiser ní Fontana, Kalifóníà, wọ́n ti tì í pa kí wọ́n tó lọ ya fíìmù níbẹ̀. Iná ni wọ́n tàn tó fi dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwa náà ní Àjàòkúta, tí a ti ń retí látìgbà Ṣàgárí. Àkọ́bí mi kàwé nípa irin, ọ̀kadà ló ń gùn ní Lọ́kọ́ja báyìí.

E-180 wà nínú àpótí yìí náà: ìsìnkú Màmá lẹ gbà sí i. Bóyá torí ìsìnkú yẹn lẹ ṣe tọ́jú E-180, bóyá owó ni kò tó. Ẹ ò sọ. Ó ti bu, funfun ti bo etí téèpù. Bí mo bá kì í bọ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, á kó bá hẹ́ẹ̀dì tó ń ka téèpù, hẹ́ẹ̀dì á kó o ran ìyókù. Mo ní láti tú síkúrúù márààrún tó de kásẹ́ẹ̀tì pọ̀, kí n bo imú, kí n fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún níta. Hẹ́ẹ̀dì ní tirẹ̀, awọ rírọ̀ àti sípíríìtì ni, kì í ṣe òwú, torí okùn òwú á há sí i. Èèyàn á di awọ náà mú jẹ́ẹ́, á fọwọ́ yí ìlù hẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá nù ún lọ sókè sódò, ó ti ṣẹ́ ẹ nìyẹn.

Rọ́bà tó ń fa téèpù nínú ẹ̀rọ yín ti le, ó ń jẹ téèpù. Mi ò rí i rà ní Kábbà. Wọ́n ní kí n lọ wò ó ní Ìlọrin, àwọn ajínigbé ò sì jẹ́ kí ọ̀nà ṣeé rìn. Tí mo bá rí rọ́bà yẹn, ìsìnkú Màmá ni màá kọ́kọ́ dà sórí fíláàṣì, kí n tó kan Pátì Tuu.

Àbúrò yín