Ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù Tarantino kò pọ̀ jù, ẹ̀rín inú rẹ̀ ló pọ̀ jù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń fọkàn bá àríyànjiyàn tó ń lọ lójú ewé àwọn òǹkàwé yín lọ, lórí Django Unchained, fíìmù kọ́bọ́ì tí olùdarí fíìmù Quentin Tarantino gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Kérésìmesì 2012, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 18 oṣù Kìíní 2013. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn tó fẹ́ràn ọkùnrin náà dá wọn lóhùn pé bó ṣe máa ń ṣe tiẹ̀ nìyẹn, kí ẹni tí kò bá lè wò ó jókòó sílé. Èmi náà fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ n kò fara mọ́ ìhà méjèèjì.

Tarantino fúnra rẹ̀ ti sọ pé ìwà ipá méjì ló wà nínú fíìmù náà: èyí tí ojú àwọn ẹrú rí, àti èyí tí Django fi gbẹ̀san, tó jẹ́ ìran wíwò. Òótọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àkọ́kọ́. Ọdún 1858 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Texas. Django, ẹrú tí Jamie Foxx ṣe, bá ará Jámánì kan tó ń pa ọ̀daràn gba owó lọ sí Mississippi láti lọ gba ìyàwó rẹ̀, Broomhilda, lọ́wọ́ olóko ẹrú kan, Calvin Candie. Kí wọ́n tó dé oko ọkùnrin yìí, wọ́n bá ẹrú kan tó sá, D'Artagnan, lórí igi. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kò lè bá wọn ja ìjàkadì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ mọ́. Candie ní kí wọ́n tú ajá sí i. Olùdarí kò jẹ́ ká rí púpọ̀ níbẹ̀. Igbe la gbọ́, ojú àwọn tó dúró la sì ń rí. Ará Jámánì náà kò lè wò ó. Django kò mira, torí wọ́n ń díbọ́n pé ẹrú oníjà ni àwọn wá rà; bó bá mira, àṣírí wọn tú. Ní sinimá tí mo ti wò ó, ẹnikẹ́ni kò húkọ́. Lọ́wọ́ alẹ́, obìnrin kan ń fi háàpù ta orin Beethoven nílé Candie, àwọn ajá yẹn sì ń padà wá síwájú ojú ará Jámánì náà títí ó fi dìde lọ sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò fẹ́ kí wọ́n fi oko ẹrú hàn wá bíi pé òwú lásán ni wọ́n ń ká níbẹ̀. Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ. Ó yẹ kó dun ẹni tó ń wò ó.

Ìwà ipá kejì ni mo ń bá jà. Inú sinimá kọ́bọ́ì àwọn ará Ítálì ni Tarantino ti kọ́ ọ. Orúkọ Django gan-an, lọ́wọ́ Sergio Corbucci, olùdarí ará Ítálì, ló ti yá a, láti inú fíìmù 1966, Franco Nero tó ṣe Django ìgbà náà sì yọjú nínú ti ìsinsìnyí. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí dún nílé Candie, ẹ̀jẹ̀ fọ́n ká ògiri, ọ̀kan nínú àwọn alágbára rẹ̀ ń jẹ̀rora nílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣèèṣì yìnbọn mọ́ ọn, ó ń han. Lópin rẹ̀, Django ní kí ìránṣẹ́ obìnrin kan dágbére fún Miss Lara, arábìnrin Candie. Ìyẹn dágbére tán, ìbọn dún, Miss Lara fò gba ẹnu ọ̀nà kọjá bí ẹni tí wọ́n fokùn fà. Gbogbo sinimá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò lè mí nígbà D'Artagnan ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yìí. Nígbà tá a jáde síta, ọ̀rọ̀ Miss Lara ló wà lẹ́nu kálukú. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ẹni tí ajá fà ya.

Spike Lee, olùdarí fíìmù aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ní òun kò ní wò ó, pé àbùkù ni fún àwọn baba ńlá òun, pé oko ẹrú kì í ṣe fíìmù kọ́bọ́ì Sergio Leone ará Ítálì. Mo bọ̀wọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní ti àwọn tó fẹ́ fi ikú àwọn ọmọ 20 àti àgbà mẹ́fà tí wọ́n yìnbọn pa níléèwé kan ní Newtown, Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá 2012 sí Tarantino lọ́rùn, kò tọ́. Òfin ìbọn Amẹ́ríkà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nígbà tí Django gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o lọ síbi ìwakùsà, ó fi àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àgò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń gun ẹṣin lọ. Kò sí èyí tó mú ìbọn. Àwọn ẹrú gidi kan wà tí kò jókòó báyẹn. Ní 1860, ọdún méjì péré lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Django, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó èèyàn bíi 110 lẹ́rú láti Áfíríkà dé Mobile ní Alabama, bẹ́ẹ̀ òfin ti ka irú ọjà yẹn léèwọ̀ láti 1808. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Ọ̀kan ni Kossola, ará Bantè tó wà ní Benin lónìí, tí ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú, tí wọ́n sì tà ní Ouidah. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ kó tó kú ní 1935 pé ọjọ́ tí alábòójútó oko fẹ́ na ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọn, gbogbo wọn ló ṣùrù bò ó, wọ́n gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi nà án. Kò dán an wò mọ́. Lẹ́yìn òmìnira 1865, wọ́n ní kí olówó wọn fún wọn nílẹ̀, ó kọ̀, ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó.

Ẹ̀yin òbí wa níbí, 18 ni wọ́n kọ sára fíìmù yìí, pé kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 má wò ó, síbẹ̀ àwọn ọmọ yín ti ń rí i lára fóònù. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ nípa oko ẹrú. Ẹ kọ́kọ́ sọ ti Kossola fún wọn. Olóòtú, bí ẹ bá lè wá àyè tẹ ìtàn rẹ̀ jáde lódindi, inú mi á dùn.

Òǹkàwé yín,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù