Ẹ lọ wọn ọ̀rá nílé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ẹ fi alákàrà sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, ọ̀rọ̀ ti kan stróò, ife àti ṣíbí oníke tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù, àti ọ̀rá tí kò nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 40. A kí wọn, nítorí irú òfin yìí gba láyà.

Ti fóòmù kò ní àríyànjiyàn nínú. Afẹ́fẹ́ ló gba ohun tó ju ìdá 95 nínú 100 àyè inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kó o kún dẹ́nu, ohun tó máa wọ̀n lórí òṣùwọ̀n kò lè san owó dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ náà, epo ọbẹ̀ sì ti rin ín. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣa ike kì í fi í bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ọ̀rá ni iṣẹ́ wà. Ojú lásán kò lè mọ máíkírọ́ọ̀nù 39 yàtọ̀ sí 41. Mílímítà kan jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 1,000, nítorí náà ìpele 25 ọ̀rá tó pé 40 ló ń di mílímítà kan. Ẹ la ẹ̀gbẹ́ àpò ọ̀rá náà, nítorí ojú méjì ló ní, ẹ gé e sọ́nà 25, ẹ tò ó lé ara wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ wá gbé rúlà sí i. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ fura. Ti ilé ẹjọ́, máíkírómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, ni, ó kéré tán ibi márùn-ún lára ọ̀rá kan. Ṣe ni ẹ̀rọ máa ń fẹ́ ọ̀rá bíi bàlúùnù. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á nípọn, èkejì á fẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn sì máa ń po ẹfun mọ́ ike kó lè ki. Irú èyí á yege lórí máíkírómítà, á sì ya kí oníbàárà tó délé, nítorí náà kí wọ́n gbé ẹrù wúwo sínú rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Alákàrà kò lè mọ èyíkéyìí nínú èyí. Ilé iṣẹ́ tó ń fẹ́ ọ̀rá àti èbúté tó ń gbà wọlé ni kí àwọn olùyẹ̀wò máa lọ, kí orúkọ ẹni tó ṣe é àti bó ṣe nípọn tó sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ń já ọ̀rá gbà lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ lẹ́bàá títì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò dúró.

Omi inú ọ̀rá àti ìgò oníke kò sí nínú òfin yìí. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ló kù sí. Bilikiss Adebiyi-Abiola ti la ọ̀nà kan nígbà tó dá Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó ní 2012: wọ́n ń wọn ike lẹ́nu ọ̀nà onílé, wọ́n ń fún un ní máàkì lórí kílò kọ̀ọ̀kan, á sì fi gba nǹkan ìlò ilé. Òun náà ló tún wá di ọ̀gá LASPARK, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìtura nínú ìjọba Èkó.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò tún lébẹ́ẹ̀lì wọn wò. Ìdérí kì í ṣe wàhálà: bí a bá lọ̀ ọ́ dà sómi, ìdérí á léfòó, ìgò á rì. Àmọ́ lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi PVC ṣe, irú ike mìíràn, máa ń bá ìgò rì ni. Kí ìgò tó yọ́, ní nǹkan bíi dígírì 260, PVC ti jóná, ásíìdì rẹ̀ á sì sọ gbogbo ike náà di pupa rúsúrúsú, aláìlágbára. Ní ti ọ̀rá omi, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sá a. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ á di ooru nínú ẹ̀rọ, á dá ihò sára ọ̀rá tuntun.

Bí owó epo rọ̀bì, tí wọ́n fi ń ṣe ike, bá já, ike tuntun á di pọ́ọ́kú, àwọn tó ń ra ike àlòtúnlò á sá, ẹni tó ń ṣa á á sì fi í sílẹ̀ sí gọ́tà. Kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń polongo àyíká fọwọ́ sí àdéhùn iye tí wọn kò ní san dín sí lórí kílò kan, kí wọ́n sì máa gbé iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n tà àti èyí tí wọ́n rà padà jáde lọ́dọọdún.

Àwa oníṣẹ́ ike àlòtúnlò,
Èkó