Akin, Jẹ́ Kí Akọni Rẹ Kọ́ Ìjà

Akin ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ìtàn akọni alágbára tó ò ń kọ ti ń tẹ̀ síwájú. O ní nígbà tó lè fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò, kí ló tún fẹ́ kọ́ ìjà fún? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Bí agbára bá ṣe pọ̀ tó ni àìmọ̀jà ṣe ń léwu tó.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, torí láti ẹsẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá. Apá akọni rẹ lè lágbára bíi ti ẹgbẹ̀rún ọkùnrin, àmọ́ ìwúwo ara rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn pọ̀ sí i. Ká ní ó wúwo tó kìlógíráàmù 90. Bó bá kan mọ́tò tó wúwo tó kìlógíráàmù 900 lẹ́ṣẹ̀ẹ́, tí mọ́tò náà fò lọ ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun fúnra rẹ̀ á ta sẹ́yìn ní mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àfi bó bá rí nǹkan fẹsẹ̀ tì. Bàtà kò lè gbà á sílẹ̀, torí ìwúwo ẹni ló ń mú kí bàtà di ilẹ̀ mú, kì í ṣe agbára iṣan. Nítorí náà, ìdúró ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí wọ́n fẹ̀ tó èjìká, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Kó wá ògiri tàbí àpáta fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tì. Bí kò bá sí, kó lọ sílẹ̀, kó gbá nǹkan náà láti ìsàlẹ̀ sókè. Bí ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣe ń ti mọ́tò sókè ló ń tẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ á sì dì í mú.

Ìwúwo kan náà yìí ni ọ̀tá máa fi mú un. Ẹni tó ń gbé mọ́tò, kìlógíráàmù 90 náà ni láti gbé! Ẹni tó mọ gídígbò á wọlé sí i lábẹ́ apá, á so ọwọ́ mọ́ ọn ní ìbàdí, á gbé e kúrò nílẹ̀. Lóòótọ́ ó lè já ọwọ́ ẹni náà, ṣùgbọ́n kó tó rò ó tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti balẹ̀. Àwọn oníjúdò, ìyẹn àwọn tó ń ja ìjà ìdánilẹ̀ ti ilẹ̀ Japan, náà a máa gbá ẹsẹ̀ ènìyàn gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ gbé ìwúwo lé e. Kò gba agbára, àsìkò ló gbà.

Alágbára tí kò kọ́ṣẹ́ a tún máa fa apá sẹ́yìn jìnnà kó tó ju ẹ̀ṣẹ́, èjìká rẹ̀ á sì ti tú u fó. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò bà kò ṣe nǹkan kan. Nínú ìwé àwòrán kan tó jáde ní 1978, Superman, akọni alágbára inú ìtàn, bá Muhammad Ali tó jẹ́ abẹ̀ṣẹ́ jà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn pupa, níbi tí agbára rẹ̀ kì í ti í ṣiṣẹ́. Ali fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ ṣáájú, síbẹ̀ abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò yẹn lù ú ní àlùbolẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ẹni tí kò lágbára tó akọni rẹ. Títì lásán lè mú kí ènìyàn ṣubú, kí orí rẹ̀ gbá ilẹ̀, kó sì kú. Ìdí nìyí tí oníjúdò fi ń di apá aṣọ ẹni tó ń dá mú títí onítọ̀hún á fi fẹ̀yìn balẹ̀. Akọni rẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí. Kó mọ ìgbọ̀nwọ́ dídè pẹ̀lú: ọwọ́ kan lọ́rùn ọwọ́ olè, èkejì lókè ìgbọ̀nwọ́, kí apá nà tán, kó wá rọra tẹ̀ ẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ kì í kọjá títọ́. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ó ti yẹ̀ nìyẹn. Kó lè mọ bó ṣe máa kó agbára rẹ̀ níjàánu, jẹ́ kó máa fi àtẹ́lẹwọ́ ti àpò iyanrìn tí wọ́n gbé kọ́, kí àpò náà má sún ju ìbú ìka kan lọ. Lẹ́yìn náà kó tún un ṣe nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, àti nígbà tí ẹnì kan bá ń dẹ́rù bà á lójijì, torí ìjayà ni agbára fi ń bọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Ibi tó o ti ní ó kan olè náà lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láyà, yí i padà. Kó di apá aṣọ rẹ̀ mú, kó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀, kó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀. Fi èyí tó o bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi kíákíá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́lá