Oúnjẹ ìjọba kò gbọdọ̀ dúró de ọmọ ní Pírámárì Kìn-ín-ní

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta, kí àwọn tó ń ṣètò ìṣúná ní Alágbàkà, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní Àkúrẹ́, lè rí i kà, kí àwa òbí àti ìyá àgbà náà sì rí i kà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọ iléèwé ni mo mú wá. Láti ọdún 2016 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò náà sílẹ̀, àwọn ọmọ Pírámárì Kìn-ín-ní sí Ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. ₦70 ni wọ́n kọ́kọ́ kà lé ọmọ kan lórí lóòjọ́, nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di ₦100. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu dá a dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ yòókù, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ìwé owó wò. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń bèèrè ìgbà tí àwo oúnjẹ yóò padà wọ kíláàsì. Ìbéèrè gidi ni. Tèmi ni pé, kí ló dé tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́fà kí ìjọba tó rántí ikùn rẹ̀?

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni mo sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọjọ́ àkọ́kọ́ ni oúnjẹ ń ṣiṣẹ́ jù lára ènìyàn: oṣù mẹ́sàn-án inú oyún, àti ọdún méjì tó tẹ̀lé e. Kí ọmọ tó ṣe ọjọ́ ìbí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọpọlọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọpọlọ àgbàlagbà. Ọmọ tí àìjẹunrekánú bá dá gíga rẹ̀ dúró nígbà yẹn, ṣàṣà ni èyí tó ń lé e bá mọ́. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lórí ìlera àwọn ará ilé ní 2018 sọ pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Nínú 100 àwọn tó ti pé oṣù mẹ́fà tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Lóòótọ́ ó sàn ní ilẹ̀ Yorùbá ju ti òkè ọya lọ, ṣùgbọ́n èyí kò ran ọmọ tí tirẹ̀ ti bàjẹ́.

Níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí wà ní ọ̀sán? Wọ́n wà ní kírẹ́ẹ̀ṣì, wọ́n wà ní jéléósinmi, wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá àdúgbò kan tó ń bá àwọn ọlọ́jà tọ́jú ọmọ. Ẹ wọ ọ̀kan nítòsí ọjà Ìsìnkàn tàbí Ọjà Ọba ní aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ bá wọn ṣí kúlà àwọn ọmọ. Ẹ ó rí núdùsì tí wọ́n ti sè láti aago márùn-ún ìdájí, tó ti fa omi rẹ̀ tán, tó wú, tó sì tutù. Kò sí ẹyin, kò sí ẹja, èròjà inú ọ̀rá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ ó rí ìrẹsì funfun tí wọ́n fi ata pa lójú. Ẹ ó rí bísíkíìtì pẹ̀lú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, ògì tó ṣàn bí omi ni wọ́n dà sínú ìgò fún wọn, ṣúgà nìkan ni wọ́n fi sí i. Èmi ò bá àwọn ìyá wọn jà o. Obìnrin tó ní láti dé ọjà Ṣáṣá kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè rí tòmátò rà, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá tó ló ń sè.

Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi tí mò ń sọ yìí kò ní ariwo. Ọmọ tó jẹ gàrí yó máa ń sùn fọnfọn, ara olùtọ́jú á balẹ̀, ìyá rẹ̀ á dé ní ìrọ̀lẹ́, á bá a tó ń ṣeré. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, títí yóò fi wọ iléèwé, tí tíṣà á máa pè é ní olódo. Àyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún máa ń tán lára rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, inú ẹja, ẹran, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló ti gbọ́dọ̀ rí i. Ògì lásán kò ní in.

Mo mọ obìnrin kan ní ọ̀nà Ọ̀dà tó ń tọ́jú ọmọ nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Tí ó bá ra ẹja gbígbẹ àti edé tó wá láti Igbókòdá, á ṣa egungun inú ẹja náà kúrò, á yan sọ́yà títí òórùn rẹ̀ á fi ta sánsán, á wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ. Inú ike tó ní ìdérí líle ló ń kó lúbúlúbú náà sí. Síbí kan ló ń bù sínú ògì ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Kí ó tó fún ọmọ, á kọ́kọ́ da síbí náà délẹ̀ wò: bí ògì bá sáré ṣàn kúrò lójú rẹ̀, á dá a padà sórí iná kí ó ki sí i. Kò sí ẹni tó rán an ní iléèwé nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwa gan-an ló sì ń ṣe yìí. Ọjọ́ Ajé ló ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn òbí, ẹni tí kò bá rí san, á bá a fi tirẹ̀ dí i. Ṣùgbọ́n ẹja ti gbówó lórí, síbí tó ń bù ti ń kéré sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìjọba gbé àpò sọ́yà kan àti ẹja fún lóṣooṣù. Iye tó máa ná ìjọba kò pọ̀ rárá.

Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wa. Ó ti pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì ti ṣe ògì alásọ́yà jáde. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí wa, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọmọ déédéé ní àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ ló sì ti ya káàdì ìdàgbàsókè ọmọ tí ilé ìwòsàn káàkiri ayé wá ń lò. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ kírẹ́ẹ̀ṣì tí mo wọ̀ nílùú yìí ni kò ní òṣùwọ̀n kankan. Íńdíà ti ń fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́fà lóúnjẹ ní ibi ìtọ́jú ọmọ wọn láti 1975. Amẹ́ríkà ti ń san owó oúnjẹ fún kírẹ́ẹ̀ṣì láti 1968, iye àwo tí wọ́n bá bù fún ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Jéléósinmi inú ọgbà àwọn iléèwé ìjọba ni. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ti ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Nígbà tí oúnjẹ ṣì ń wá, mo wọ iléèwé kan lọ́jọ́ kan, mo bá ọmọ jéléósinmi kan tó di férémù ilẹ̀kùn mú, tó ń fojú tẹ̀lé àwo ẹ̀wà bó ṣe ń kọjá lọ sí kíláàsì àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Kò sí alásè tó máa kọ̀ láti bu àwo kún àwo, bí wọ́n bá ti ka àwọn ọmọ náà mọ́ owó tí wọ́n ń san fún un.

Kí wọ́n má sì ṣe sọ pé ₦100 náà ni o. Ẹyin kan ti kọjá ₦100 lọ́jà. Bí owó kò bá tó fún oúnjẹ kíkún lójoojúmọ́, kí wọ́n fún wọn ní ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín lẹ́ẹ̀mejì, ẹja lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ gidi. Àwọn tó ń sin adìyẹ káàkiri Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà níbẹ̀ tí wọ́n á ta ẹyin fún ìjọba. Kí wọ́n lẹ iye ọmọ tó jẹun lóòjọ́ mọ́ ara ògiri iléèwé, níbi tí òbí á ti kà á. Ẹni tó bá fẹ́ kó owó jẹ á kọ́kọ́ ro ti ojú àwọn ìyá.

Àwọn ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tiwọn. Àwọn kírẹ́ẹ̀ṣì kan kì í fẹ́ kí ìyá wọlé lọ́sàn-án láti fún ọmọ lọ́mú, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àwọn yòókù sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ojúṣe òbí ni láti bọ́ ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn òbí náà ló ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá pàtẹ, wọn kò sì béèrè ohun tó pọ̀ jù bí wọ́n bá ní kí ẹyin kan padà sọ́dọ̀ ọmọ àwọn.

Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Mo ń bẹ Gómìnà Aiyedatiwa àti àwọn alága náà pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú jéléósinmi ìjọba kan, kí wọ́n sì mú àwọn kírẹ́ẹ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kan mọ́ ọn, fún ọdún kan. Kí wọ́n wọn àwọn ọmọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí wọ́n tún wọ̀n wọ́n ní ìparí, kí wọ́n fi okùn aláwọ̀ mẹ́ta yí apá wọn: èyí tí apá rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni, ilé ìwòsàn ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n gbé èsì rẹ̀ síta nínú ìwé ìròyìn yìí. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa bá wọn wọn ọmọ ní Òkè-Àró, mo ṣì lè ka òṣùwọ̀n dáadáa, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.