Lẹ́tà sí Fẹ́mi lórí ọ̀rọ̀ omi Àgbádárìgì

Marina,
Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Fẹ́mi ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ yẹn o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Mo rí ohun tí o kọ, pé o fẹ́ kó àwọn àlejò wá ní Dèsẹ́ḿbà, pé wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fẹ́ rìn létíkun, wọ́n sì fẹ́ wẹ̀ nínú òkun. Ti ọkọ̀ àti ti ìrìn, kò sí wàhálà. Ti wíwẹ̀ yẹn la máa jọ sọ dáadáa.

Omi méjì ló wà níhìn-ín, ìwà wọn ò sì jọra. Ọ̀sà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Tí o bá dúró ní Marina, erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú lo máa rí ní òdìkejì, ẹ̀yìn Gbẹ́rẹ̀fú ni òkun wà. Ọ̀sà yìí ò já sókun nítòsí wa rárá, àfi lápá Èkó lọ́hùn-ún tàbí lápá Kùtọnu. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á fi ọkọ̀ gbé yín láti Marina bọ́ sójú òkun lọ wo ìgbì, irọ́ ló ń pa. Ọ̀sà ni ti ọkọ̀. Òkun, ojú àti ẹsẹ̀ la fi ń gbádùn ẹ̀.

Ẹ wá sùn sílùú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọ̀nà Èkó sí ibí lè gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ yín, àárọ̀ ló sì dára jù lórí omi. Bí oòrùn bá ti gun òkè, atẹ́gùn òkun á le sí i, ọ̀sà á máa ru, omi á sì máa ta sí àwọn tó jókòó níwájú lára. Àmọ́ kùrukùru ọyẹ́ lè bo omi láàárọ̀ Dèsẹ́ḿbà. Tí ẹ kò bá rí igi àgbọn Gbẹ́rẹ̀fú láti èbúté, ẹ má tíì wọkọ̀. Ẹ lọ wo ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n parí ní 1845, ìtòsí ibẹ̀ náà ni. Kí ẹ tó jáde níbẹ̀, kùrukùru lè ti ká.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí o tó wo ọkọ̀ pàápàá. Ìjọba ti sọ ọ́ di dandan, ṣùgbọ́n pé ó wà níbẹ̀ kò sọ pé ó dára. Àwọn kan ti sọ tiwọn di tìmùtìmù ìjókòó, fóòmù inú ẹ̀ ti tẹ́, kò lè gbé èèyàn mọ́. Fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́: èyí tó dára á padà sípò, èyí tó ti kú á dúró bí o ṣe tẹ̀ ẹ́. Gbé e sókè pẹ̀lú. Tó bá wúwo bí aṣọ tí wọn ò tíì fún, omi ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹnì kan di èjìká jákẹ́ẹ̀tì mú, kó fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí, ó ti tóbi jù, omi á bọ́ ọ lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá. Má jẹ́ kí wọ́n wọ ti àgbà fún ọmọ kankan, bó ti wù kí wọ́n dè é tó.

Kí ẹ máa wọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ àárín, kí àwọn tó sanra jókòó láàárín pẹ̀lú. Tí gbogbo yín bá ti jókòó, kí bèbè ọkọ̀ ga ju omi lọ tó fúùtù kan, ó kéré tán. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìdìde yà fọ́tò. Tí òórùn ògógóró bá ń jáde lẹ́nu awakọ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò rẹ̀ wọ́pọ̀ níbí: ọ́ìlì ààbọ̀ lítà sí bẹntiróò lítà 25. Bí ọ́ìlì bá dín, písítínì á gan sójú omi. Bó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, èéfín á gbòde. Bí wọ́n bá ti sáná sí i, wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì: omi tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde. Omi ọ̀sà ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Tí omi yẹn bá dá, ọ̀rá tàbí ewé ti dí ibi tó ń gbà wọlé. Kí awakọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀, kó gbé e sókè, kó yọ ohun tó dí i. Okùn pupa kékeré kan tún wà tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ so mọ́ ọwọ́. Bó bá ṣubú sómi, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ ò ní máa pòòyì lé e lórí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í so ó. Sọ fún un kó so ó, kó bínú tó bá fẹ́ bínú.

Ewéko olódòdó tó ń léfòó lórí omi, tí wọ́n ń pè ní "water hyacinth", ńkọ́? Ọ̀sà wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní 1984. Omi òjò ló ń gbé e bọ̀ láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Dèsẹ́ḿbà sì lè bá a lórí omi. Ó máa ń lọ́ mọ́ pòrópẹ́là. Kí awakọ̀ yà fún un, bí ó ṣe máa yà fún àwọ̀n àti ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja Ẹ̀gùn rì mọ́lẹ̀.

Ọ̀sà ò fẹ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Láti èbúté Gbẹ́rẹ̀fú dé òkun, iyanrìn lẹ máa rìn, bí ìdajì wákàtí. Bàtà onídìí pẹrẹsẹ, fìlà, àti omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kan. Ẹ kò gbọ́dọ̀ jókòó sinmi sábẹ́ igi àgbọn o, èso rẹ̀ kì í kágò kó tó já.

Ó wá ku òkun. Iyanrìn etí rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́ wọ inú omi, ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ sì ń wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sétí ilẹ̀. Ìṣísẹ̀ mélòó kan, omi ti dé àyà. Èyí tó ń ṣekú pani ò sì jọ ewu lójú. Gbogbo omi tí ìgbì dà sókè gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ó sì máa ń ṣàn gba ojú kan jáde. Ojú ibẹ̀ á dákẹ́, ìgbì ò ní fọ́ níbẹ̀, ìfófòó á máa lọ sínú òkun dípò kó máa bọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àlejò á yàn pé, "ibí yìí mà rọrùn o." Ẹni tí omi yẹn bá gbé kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ tààrà sí ilẹ̀, ó máa rẹ̀ ẹ́ ni. Kó léfòó, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí etíkun wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, títí tó fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́; ìgbì náà á máa tì í bọ̀ wálé. Kí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé pa sí i, pẹ̀lú okùn. Ẹ mú irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ẹ kò lè gbọ́kàn lé pé ẹ ó bá ẹni tó ń yọ àwọn tó ń rì létí omi. Ní tèmi, orúnkún ni kí wọ́n wọ òkun mọ, kí wọ́n má kẹ̀yìn sí i.

Kí ẹ ti kọjá padà sí Marina kó tó di aago mẹ́rin. Ẹ ná owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ san ìdajì owó náà níbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lawakọ̀ ò ṣe ní gbàgbé yín sí Gbẹ́rẹ̀fú.

Fi iye èèyàn àti ìwọ̀n kílò ọmọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ kí Nòfẹ́ḿbà tó parí, kí n lè bá yín wá jákẹ́ẹ̀tì tó máa bá wọn mu. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣẹ̀gun