Ẹ dákọ́ fún mi, ẹ ò sọ bó ṣe máa rí lẹ́yìn ẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá kíliníìkì,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọkùnrin ọmọ ọdún 34 tó ti Kétu wá sọ́dọ̀ yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lóṣù tó kọjá, tẹ́ ẹ dákọ́ fún. Mi ò kọ̀wé yìí láti bú yín. Dókítà tó gé e mọṣẹ́, mi ò lẹ́jọ́ kankan bá a ṣe. Ẹ̀sùn mi ni pé kò sẹ́nì kan nínú yín tó jókòó tì mí sọ ohun tójú mi máa rí, èyí tẹ́ ẹ wá sọ náà, òótọ́ ò sí nínú ẹ̀.

Ọmọ oṣù méje ni ìyá mi bí mi, mo kéré débi pé olóòlà wò mí, ó ní òun ò lè fọwọ́ kàn mí, kí wọ́n jẹ́ n gbó díẹ̀. Kí n tó gbó, bàbá mi kú, bọ́rọ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin tí wọn ò dákọ́ fún láàárín wa. Ìtìjú yẹn ni mo gbé dàgbà. Nígbà tó wá di ọdún tó kọjá, adọ̀dọ́ yẹn fún, kò ṣeé fà sẹ́yìn mọ́, ó ń ya tí mo bá sún mọ́ ìyàwó mi, ìtọ̀ ń ta mí. Àjàṣẹ́ ni mo wá kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ ní Kétu.

Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní wákàtí kan péré ni, ọjọ́ méjì mo ti padà síbi iṣẹ́. Mo sọ fún un o, pé zem, alùpùpù akérò, ni mò ń wà, orí ẹ̀ ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní kò séwu. Mo san fránkì 45,000, wọ́n gbé ìwé Faransé fún mi, mi ò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á fún mi ní Yorùbá, wọ́n ṣáà ní kí n fọwọ́ sí i.

Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ gún mi nídìí nǹkan ọkùnrin mi ta mí bí oyin, kò pẹ́ ni gbogbo ibẹ̀ kú, mo kàn ń mọ̀ pé wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, ó parí. Ìyẹn ò nira rárá.

Kí mọ́tò tó dé Pobẹ̀ loògùn ti tán lára mi. Lóru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sọ́kùnrin tí tiẹ̀ kì í dìde fúnra ẹ̀ lójú oorun, àmọ́ tó bá dìde lórí okùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rán an, ńṣe ló ń ṣe bíi kó fà ya. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jí lóru yẹn tí mò ń sunkún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti wú, ó dúdú, omi pupa rẹ́súrẹ́sú ń jáde, mo rò pé ó ti ń jẹrà ni. Mo pe nọ́ńbà yín títí, ẹ ò gbé e.

Ọjọ́ kẹrin ni mo jáde lọ ṣiṣẹ́, torí ẹ̀yin lẹ ní ọjọ́ méjì. Ojú ọ̀nà wa ò dáa, ibi tí mo ti bọ́ sí kòtò ni okùn ti já, ẹ̀jẹ̀ bo ṣòkòtò mi, ìyá àgbà tí mo gbé ló kọ́kọ́ rí i tó pariwo. Fránkì 18,000 ni mo fi tún un rán níbòmíì.

Ibẹ̀ ni ìyá nọ́ọ̀sì kan ti ṣàlàyé ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ. Ó ní wíwú àti dúdú ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn, kí n máa gbé e sókè sínú pátá tó dì í mú, kí n lo parasetamọ́ọ̀lù, kí n má fẹnu kan asipirín torí ó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ máa dà. Okùn yẹn máa yọ́ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Orí ẹ̀ tí aṣọ ń ha máa ta èèyàn fúngbà díẹ̀, ó máa mọ́ra. Tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò bá dá, tàbí tí ibà bá dé, tọ́yún bá ń rùn, tí ìtọ̀ ò bá jáde, ọsibítù ni. Ó ní kí n má gun alùpùpù títí ojú ọgbẹ́ á fi jinná, kí n má sún mọ́ obìnrin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti sídà, àrùn éèdì. Ẹni tó di ọgbẹ́ mi ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, mi ò nílò kọ́ńdọ̀mù mọ́. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Lóòótọ́, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti South Africa fi hàn pé ìdákọ́ ń dín kíkó HIV, kòkòrò tó ń fa sídà, látara obìnrin kù fún ọkùnrin, nǹkan bí 60 nínú 100, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì fọwọ́ sí i ní 2007, àmọ́ kò ní kẹ́nikẹ́ni pa kọ́ńdọ̀mù tì. Ọgbẹ́ tí ò tíì jinná gan-an, ọ̀nà ni fún kòkòrò yẹn. Ká ní mo gbà á gbọ́ ńkọ́, kí ni mi ò bá gbé wálé fún ìyàwó mi?

Ẹ dá fránkì 18,000 mi padà, àti owó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tí mo pàdánù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ sílẹ̀ ní Yorùbá àti Ègùn, kẹ́ ẹ máa kà á sétí aláìsàn kó tó fọwọ́ síwèé. Kí nọ́ńbà yín sì máa lọ lóru. Nọ́ńbà tèmi wà nínú ìwé yín, mò ń retí yín.